Ọjọ́ Tí Màmá Herlinda Gba Abẹ́ Okùn Kọjá

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí Odilón onígbàjámọ̀ tó bà á jẹ́ mọ́ yín létí. Èmi Nicandro, tí gbogbo Naranjillo ń pè ní Cando, èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé ìyá ìyá mi lọ sí òkè oníná nígbà otútù. Kò sí awakọ̀ kejì tó lè ṣe é láti ibí dé etí òkun. Àwọn tó dán an wò ṣáájú mi, wọ́n ṣì ń wá táyà ọkọ̀ wọn kiri.

Ìyá ìyá mi yìí, Màmá Herlinda, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin péré ni wọ́n. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta áísìkirimù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí nínú agolo, tí agolo wà nínú garawa onígi. Ọwọ́ ọ̀tún wọn yẹn, tó bá di èèyàn lápá mú, onítọ̀hún á rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó ti dá látìgbà èwe. Tí atẹ́gùn àríwá bá ti gbá kùrukùru lọ, ẹ máa rí òkè náà lókèèrè láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn, lókè oko ìrèké, orí ẹ̀ funfun. Citlaltépetl lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Òkè làwa ń pè é. Àràárọ̀ ni Màmá máa ń kí i. "Òkè, o jí? Èmi náà jí." Ní gbogbo ọdún ni bàbá àgbà ń ṣèlérí pé àwọn méjèèjì á jọ lọ fọwọ́ kan yìnyín ibẹ̀, ní gbogbo ọdún ló sì ń di àmọ́dún. Bó ṣe kú nìyẹn, tó fi akẹtẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lára ìṣó.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún Ọba Mẹ́ta, lóṣù kìíní. Ọ́ńkù Fidencio, àkọ́bí Màmá, wá láti ìlú Puebla pẹ̀lú búrẹ́dì róbótó tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má bínú tí mi ò bá fi ọ̀wọ̀ dárúkọ ẹ̀. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀. Ẹ mọ òfin búrẹ́dì yẹn: ẹni tí ọmọláńgidi kékeré inú ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ ló máa se tamal, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi háhá wé sè, bọ́ gbogbo ilé lọ́jọ́ kejì oṣù kejì. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i tí Ọ́ńkù bu búrẹ́dì sẹ́nu, tó dákẹ́ lójijì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Ó mu kọfí tẹ̀ lé e, ó ń wo àjà. Mo tọ́jú ẹ̀ sínú.

Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, ẹ kó ẹrù yín. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mò ń mú yín lọ sílé mi. Ẹ ò lè máa dá gbé níbí mọ́."

"Ilé rẹ tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta," Màmá ní. "Tí mo bá yọjú lójú fèrèsé ibẹ̀, kí ni mo máa rí?"

"Ẹ máa rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn."

"Mi ò lọ."

"Ẹ ò lágbára mọ́, Màmá. Láti ibí dé ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń jókòó."

"Mò ń jókòó torí àwọn tí mò ń kí lọ́nà ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́." Màmá na ìka sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣó o rí Òkè yẹn? Tí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ yìnyín ẹ̀ ńkọ́?"

Ọ́ńkù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Tí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ẹ bu yìnyín ibẹ̀ wá, tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ nínú yàrá yìí, mi ò tún ní dárúkọ ilé mi sí yín létí mọ́. Ẹ máa gbé ibí títí ó fi sú yín. Ṣùgbọ́n tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ ó wọ ọkọ̀ mi, a ò sì ní bá ara wa jiyàn."

"Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun, ẹ gbọ́ o," Màmá ní. Wọ́n yíjú sí mi. "Cando, ṣé ọkọ̀ rẹ ń rìn?"

"Màmá Àgbà, ọkọ̀ mi ò kí ń rìn. Fífò ló ń fò."

Àbùmọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan ni mo ní, òun ni mo fi ń kó ọsàn. Wọ́n kọ "Àkẹ́bàjẹ́" sí i níwájú. Ẹni tó tà á fún mi ló kà á fún mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀ kan ò kí ń ṣí, èkejì ò kí ń tì.

Lọ́jọ́ kejì, atẹ́gùn àríwá dé. Rédíò ní yìnyín ti já bọ́ lórí Òkè títí dé oko ọ̀dùnkún. Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti dúró níwájú ilé Màmá. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ni Odilón onígbàjámọ̀, tó wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra. Ọmọ ìsàmì Ọ́ńkù ni. Ọ́ńkù ní kó tẹ̀ lé wa, kó máa ṣọ́ wa, ká má lọ gba omi dídì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja ká wá pè é ní yìnyín.

"Odilón," mo ní, "ìwọ tí o máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ṣí fíríìjì, kí lo ń wá lórí Òkè?"

"Mò ń wá ibi tí wàá já wa sí, kí n lè júwe ẹ̀ fáwọn tó máa wá gbé òkú wa."

Màmá jáde. Wọ́n wọ búláòsì òwú, wọ́n fi kúbùsù bora, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ bàbá àgbà méjì léra, wọ́n sì dé akẹtẹ̀ ẹ̀ sórí gèlè. Wọ́n ní ká gbé garawa onígi yẹn sínú ọkọ̀, àti agolo ẹ̀, àti iyọ̀ ńlá ìdajì àpò, àti àpò kan tó kún fún pàǹtí ìrèké gbígbẹ, èyí tí wọ́n ti fún omi ẹ̀ tán.

"Màmá Àgbà, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé yìnyín wálé. Ẹ máa fi mọ ère ọkùnrin kan sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó parí. Odindi ọkùnrin ni mo máa gbé wá fún Ọ́ńkù."

Màmá jókòó, wọ́n gbé garawa sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Wa ọkọ̀."

A kọjá Córdoba, a kọjá Orizaba, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun kọ́nà Maltrata. Kùrukùru ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè fi ọ̀bẹ gé e tà. Mi ò rí bọ́nẹ́ẹ̀tì ara mi. Imú ni mo fi wakọ̀.

Odilón ní, "Cando, kí ló ń rùn yìí?"

"Bíréèkì ni."

"Bíréèkì ń rùn nígbà tá à ń gòkè?"

"Ó ń múra sílẹ̀ de ìgbà tá a máa sọ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín nínú kúbùsù. Wọ́n bu tamal tí wọ́n dì dání fún wa, wọ́n fi háhá ẹ̀ dí ihò ilẹ̀kùn tí otútù ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn Serdán, ọ̀nà ọ̀dà tán, ó ku ilẹ̀ oníyanrìn láàárín oko ọ̀dùnkún. Ibẹ̀ ni Àkẹ́bàjẹ́ ti ní òun ò lọ mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ẹlòmíì á ti padà. Èmi yí ọkọ̀ po, mo ti jíà ẹ̀yìn sí i, nítorí jíà ẹ̀yìn ló lágbára jù lára ọkọ̀ arúgbó, mo sì fi ìdí ọkọ̀ gun òkè oníná. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ìdí ló ṣáájú. Odilón ti jáde, ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń gbé òkúta sẹ́yìn táyà ní gbogbo ìgbà tí mo bá sinmi.

"Báyìí dáa," Màmá ní, tí wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. "Mò ń rí ibi tí mo ti wá."

A dé ibi tí igi páìnì ti bẹ̀rẹ̀, a bá okùn. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ta á dí ọ̀nà, wọ́n so àkísà yẹ́lò mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tó dé fìlà òwú pupa, Eleuterio lorúkọ ẹ̀, wá bá wa.

"Ọ̀nà ti dí," ó ní. "Yìnyín iwájú ti le bíi gíláàsì. Ọkọ̀ mẹ́fà ti wọ kòtò látàná. Ẹ padà."

"Bọ̀dá," mo ní, "ẹ wo ẹni tó ń wakọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Cando Naranjillo nìyí."

"Mi ò mọ̀ ẹ́ rí."

"Ẹ ò kí ń jáde nìyẹn."

Ó rí Màmá, ó bọ́ fìlà. "Màmá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kọjá okùn. Ohun tí abúlé fẹnu kò sí nìyẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Màmá ní, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró síbẹ̀."

Yìnyín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n táyà àti ẹsẹ̀ ẹṣin ti pò ó mọ́ ẹrọ̀fọ̀. Mo ní kí wọ́n kúkú fẹsẹ̀ tẹ ìyẹn, ká máa lọ.

"Ìyẹn kì í ṣe ti Òkè," Màmá ní. "Ti ojú ọ̀nà ni." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di akẹtẹ̀ mú, wọ́n gba abẹ́ okùn kọjá.

Eleuterio sáré tẹ̀ lé wọn. "Màmá, ó jìnnà o. Otútù á pa yín."

"Ogójì ọdún ni mo fi ti ọwọ́ bọ inú omi dídì àti iyọ̀. Otútù ló yẹ kó máa sá fún mi. Ìwọ ńkọ́, o kàn dúró bẹ́ẹ̀? Garawa mi wà nínú ọkọ̀. Èjìká rẹ fẹ̀."

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú ọkùnrin yẹn. Ó wo okùn, ó wo Màmá, ó lọ gbé garawa lé èjìká. Èmi gbé iyọ̀. Odilón gbé pàǹtí ìrèké, ó dì mọ́ ọn bí ìyàwó, torí ó ń mú un móoru. A fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ Màmá lórí bàtà, a ń lọ.

Ibí yìí ni mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kún. Ní ibi tí ilẹ̀ ti funfun pátápátá, Màmá jókòó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dìde. Wọ́n tún jókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò lè dìde. Ètè wọn ti di àwọ̀ èédú. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ máa fà á, kò ní kún àyà. Ẹ̀rù bà mí. Mo rí Ọ́ńkù lójú mi tó ń béèrè ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ n pọ̀n yín. Ó ku díẹ̀."

"Tí o bá pọ̀n mí, ìwọ lo dé ibẹ̀."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Odilón wà níbí." Wọ́n mí síta díẹ̀díẹ̀. "Èmi náà wà níbí."

A dúró. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn gún orúnkún, wọ́n dìde, wọ́n sì rìn dé ibi tí kò sí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òkè dúró gangan níwájú wa, ó tóbi débi pé kò sí ibi tí ẹ lè gbójú sí tẹ́ ẹ ò ní rí i. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu yìnyín, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n pa ojú dé. Ọkàn mi ní wọ́n fẹ́ sunkún.

"Kò ní adùn kankan," wọ́n ní. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ló yẹ ká mú dání." Wọ́n gbójú sókè. "Òkè, èmi rèé. Ọkọ mi ò rí àyè wá. Cando, gbé agolo wá."

Wọ́n fọwọ́ ara wọn kó yìnyín kún agolo, wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ki ìbọn. Wọ́n gbé agolo sínú garawa, wọ́n da yìnyín yí i ká, iyọ̀ lé e, yìnyín lé e, iyọ̀ lé e, wọ́n fi pàǹtí ìrèké bo gbogbo ẹ̀, wọ́n fi àpò dì í lókè. Èmi rò pé eré ìrántí iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe. Mo lọ fi kúbùsù wọ́ yìnyín tèmi sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀.

Ọkùnrin tí mo mọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, gíga ẹ̀ tó ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa, ó ga jù mí lọ. Ó dáa, tí mo bá jókòó. Mo fi èédú ṣe ojú ẹ̀, mo fi ata tútù gígùn ṣe imú ẹ̀, mo gba akẹtẹ̀ bàbá àgbà lórí Màmá, mo dé e fún un. Gbogbo ìdílé tó wá wo yìnyín dé ibi okùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ló ní tiwọn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tiwọn dà bí ẹni tí ebi ń pa.

Màmá yí i ká lẹ́ẹ̀kan. "Cando, ibo ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ wà?"

"Iwájú níbí ni, lábẹ́ ẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n," wọ́n ní, wọ́n wọ ọkọ̀.

Orí ẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú ní Serdán, bí ẹni tó ń tòògbé ní ìsìn. Ní Maltrata, ó foríbalẹ̀ pátápátá. Mo mú ìrìn pọ̀ sí i. Bí mo ṣe ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin mi ń kéré. Nígbà tá a máa dé Orizaba, kò ju ológbò lọ. Odilón, tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ń fi ọwọ́ gbá òrùlé.

"Cando, ọkùnrin rẹ ń béèrè bóyá a ti dé."

Mo wo garawa láàárín ẹsẹ̀ Màmá, mo rí omi tó ń kán nídìí ẹ̀, tó, tó, tó, lé ilẹ̀ ọkọ̀. Ìyẹn náà ń yọ́. Màmá ò wò ó. Ọwọ́ wọn wà nínú àpò, wọ́n ń yí agolo díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Mo rí ilé wọn ní títì pa. Mo rí wọn lójú fèrèsé Puebla, tí wọ́n ń wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mìíràn. Nítorí ẹnu mi tó ní ọkọ̀ mi ń fò.

Ní Córdoba, mo rí àwọn ẹlẹ́ja lẹ́bàá ọ̀nà, omi dídì funfun lórí ẹja wọn. Mo rọra dín ìrìn kù.

"Màmá Àgbà. Ìkúnwọ́ kan péré. Odilón ń sùn."

"Mi ò sùn," Odilón ní látẹ̀yìn.

"Tó bá sùn pàápàá," Màmá ní. "Ilé tí mi ò jalè kọ́, mi ò ní fi èrú gbé inú ẹ̀. Wa ọkọ̀ rẹ, jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe."

Oòrùn Naranjillo ò mọ̀ pé ìgbà otútù ni. Nígbà tá a máa dúró níwájú ilé, ohun tó kù lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni akẹtẹ̀, èédú méjì, àti ata. Ọ́ńkù Fidencio jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti kó ìkòkò Màmá sínú páálí mẹ́ta. Àwọn ará àdúgbò ti pé. Ó dìde, ó mú ata yẹn, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé rí i.

"Cando, ṣé èyí ni Òkè?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. "Nínú yàrá lo wí. Wọlé."

Odilón bá mi gbé garawa wọlé. Omi iyọ̀ ń kán tẹ̀ lé wa dé orí tábìlì. Ọ́ńkù wo omi yẹn, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká máa palẹ̀ mọ́." Màmá tú àpò. Wọ́n kó pàǹtí ìrèké kúrò. Wọ́n di etí agolo mú, wọn ò rí i ṣí, ó ti lẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi ìdí ọ̀bẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí.

Ó funfun. Ó ń rú èéfín otútù. Yìnyín oníyọ̀ tó yí agolo ká ló ti yọ́; ti inú ẹ̀ kò yọ́, kò rẹlẹ̀, ó dúró bí wọ́n ṣe kì í.

"Na ọwọ́ rẹ," Màmá ní.

"Odilón," Ọ́ńkù ní, ohùn ẹ̀ ti yí padà, "ṣé lóòótọ́ ni?"

Odilón, tí imú ẹ̀ ti bó, ní, "Bàbá ìsàmì mi, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn dé ibẹ̀. Èmi ni wọ́n fà dìde."

"Na ọwọ́ rẹ, Fidencio."

Ó nà án. Màmá bu ìkúnwọ́ kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún wọn pa ìka ẹ̀ dé lé e. Ọ́ńkù fẹ́ já ọwọ́ gbà. Kò rí i já.

"Ó ń jó mi, Màmá."

"Mo mọ̀. Mú un dání."

Wọ́n jọ dúró bẹ́ẹ̀ títí omi fi ń kán láàárín ìka àwọn méjèèjì. Ọ́ńkù ò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Màmá fi í sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó lọ síbi páálí àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìkòkò síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn padà sórí pẹpẹ. Màmá gé ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n fún un sórí yìnyín, wọ́n wọ́n ṣúgà lé e, wọ́n ń pín in fáwọn ará àdúgbò.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí mo tọ́jú.

"Ọ́ńkù," mo ní, "ọmọláńgidi inú búrẹ́dì yẹn, ṣé ẹ gbé e mì ni, àbí ó ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́?"

Ó gbé ìkòkò kan dání, ó wò mí bí ẹni fẹ́ sọ ọ́ mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ tútù yẹn bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó yọ ọmọláńgidi síta, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ọjọ́ kejì oṣù kejì," ó ní. "Ẹlẹ́ran ni àbí oníṣúgà?"

Màmá gba akẹtẹ̀ tí mo mú wọlé látorí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, ó ṣì tutù. Wọ́n gbọn omi ẹ̀ dànù, wọ́n fi kọ́ ìṣó.

"Se méjèèjì," wọ́n ní. "Kó o gbé e wá síbí. O máa bá mi nílé."